Ìkòkò Kọfí Tí Gbogbo Ayé Yọjú Wò

Kò sí bí okùn ti gùn tó tí kì í ní ibi tí a ti fà á wá. Àwọn tí wọ́n ń jí lónìí, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà orí fóònù wo ojú ọmọ wọn ní òkè òkun, tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà ilé wọn láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń wo ìsìn ọjọ́ Ìsinmi láti orí ibùsùn àìsàn, kì í sábà bèèrè ibi tí okùn àṣà yìí ti fà wá. Bí wọ́n bá sì bèèrè, èsì tí a óò fún wọn lè dàbí àlọ́ létí wọn, nítorí kì í ṣe ogun, kì í ṣe òwò ńlá, kì í sì í ṣe àṣẹ ìjọba kankan ni ó bí i, bí kò ṣe ìkòkò kọfí kan ṣoṣo tí ó máa ń gbẹ kí àwọn tí ó ni ín tó dé ìdí rẹ̀.

Ilé tí ìkòkò náà wà kì í ṣe ilé àìmọ̀. Ní ọdún 1937 ni Yunifásítì Cambridge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ìwádìí ìṣirò kan sílẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní ilé-ìwádìí kọ̀ǹpútà nígbà tó yá. Ibẹ̀ ni Maurice Wilkes àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti to ẹ̀rọ EDSAC, tí ó kọ́kọ́ jíṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1949, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lágbàáyé tí ó lè tọ́jú ìlànà iṣẹ́ tí a fún un sínú ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1991, àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ti kún inú ilé náà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà kan yóò ṣe máa bá èkejì sọ̀rọ̀ kíákíá, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ni wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ kọfí kan ṣoṣo, tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Trojan Room.

Kọfí fúnra rẹ̀, adúmáadán omi, agbóná-má-ṣe-é-gbé-mì, ọ̀tá oorun, ọ̀rẹ́ akọ̀wé, ti rin ìrìn àjò tó jìn kí ó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Etiópíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì, ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Súfì a máa mu ún kí oorun má bàa borí wọn níbi tí wọ́n gbé ń rántí Ọlọ́run ní òru. Ní ọdún 1511 gómìnà Mẹ́kà fi òfin dè é, òfin náà kò sì pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1652 ni Pasqua Rosée, ọmọ-ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tí ó ti gbé ní ilẹ̀ Tọ́kì, ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọ̀nà tóóró kan ní Cornhill. Kọ́bọ̀ kan péré ni ènìyàn yóò san, yóò wọlé, yóò jókòó ti ife rẹ̀, yóò sì gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàfin, lójú òkun àti lọ́jà. Nígbà tí Ọba Charles Kejì rí i pé ọ̀rọ̀ ìjọba òun ni wọ́n fi ń mu kọfí, ó pàṣẹ ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1675 pé kí wọ́n ti gbogbo ilé kọfí pa. Ariwo tó sọ nígboro pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní oṣù Kìíní ọdún 1676, kí àṣẹ náà tó múlẹ̀. Ní ilé kọfí Edward Lloyd ni àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òkun ti máa ń pàdé láti fi owó dúró fún ẹrù ara wọn, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò Lloyd's ti gba orúkọ rẹ̀ títí di òní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ìdí ìkòkò kọfí ni ìdí ìròyìn.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ka ìtàn yìí kọjá láìdúró díẹ̀ ní erékùṣù Kúbà. Ní ìdá kìíní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko kọfí wà lára ibi tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ ṣe ẹrú, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1833, ní oko kọfí kan ní agbègbè Banes, tí kò jìnnà sí Hàfánà, àwọn Lùkùmí tí wọ́n lé ní igba, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti ilẹ̀ wa, dìde pé àwọn kò sìn mọ́, a sì fi ìbọn dá wọn lóhùn. Ife kọfí tí ó ń ta sánsán ní ilé àwọn ọlọ́lá Yúróòpù nígbà náà, òógùn irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń bẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nílé níhìn-ín, kọfí kò fi bẹ́ẹ̀ dé oúnjẹ òwúrọ̀ wa; bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, ń ṣe ìwádìí igi kọfí pẹ̀lú kòkó àti obì, tíì ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pe gbogbo ohun mímu gbígbóná, ohun yòówù kí ó wà nínú ife.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Cambridge. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ kọfí yìí ni ó ń jókòó nítòsí Trojan Room. Àwọn kan wà ní àjà ilé mìíràn, tí wọn yóò gun àtẹ̀gùn, tí wọn yóò sọ àtẹ̀gùn, kí wọ́n tó dé ìdí ìkòkò; àwọn tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ mọ́jú nínú Trojan Room gan-an ni wọ́n sún mọ́ ọn jù, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń mu ún gbẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹni tí kò jẹ rárá ni ó ń ru igbá òfo padà gun òkè.

Mo mọ irú ìrìn òfo bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àmù omi kan wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyáálé wa, tí wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú yanrìn tútù kí omi rẹ̀ lè máa tutù. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lọ́sàn-án gangan a rìn wá láti ìyẹ̀wù tó jìnnà, a ṣí ọmọrí, a na ahá sínú rẹ̀, a sì gbọ́ tí ahá ń ha amọ̀ gbígbẹ. Ìjà a sì bẹ̀rẹ̀, pé ta ni ó mu ún tán tí kò pọn òmíràn. Ìyáálé nìkan ni kì í rin ìrìn òfo. Láti orí àpótí tí ó ń jókòó lé lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti rán ọmọdé kan pé kí ó fi ìka kan ìhà àmù: bí ó bá dún gbọ̀ọ̀n, ó ti gbẹ, bí ó bá dún kì, omi ń bẹ. Ìyá àgbà yìí kò mọ̀ǹkọ̀ǹkà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi ìka ọmọdé ṣe ni àwọn ọmọ Cambridge wá fi kámẹ́rà ṣe.

Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky ni wọ́n dá ọgbọ́n náà. Wọ́n mú kámẹ́rà kan, wọ́n fi ọ̀pá irin tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń gbé ìgò dúró gbé e ró, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìkòkò kọfí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀pẹ́kẹ́ lọ sínú Trojan Room, wọ́n sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Acorn Archimedes kan tí ó lè gba àwòrán mú. Jardetzky kọ ètò tí yóò máa gba àwòrán tí yóò sì máa pín in. Stafford-Fraser kọ ètò tí yóò máa gbé e hàn lójú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́. Wọ́n sì sọ ọ́ ní XCoffee. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wọ́n ju bí ọjọ́ kan lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ní àjà òkè yóò rí àwòrán kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, tí a fi àmì tíntìntín 128 ní ìbú àti 128 ní òró hun, aláwọ̀ eérú, tí kò ní pupa tí kò ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan ni ó ń yí padà. Àwọn ẹlòmíràn ìbá ní ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kọfí kì í kán kíákíá. Bí ènìyàn bá tẹ ojú mọ́ ọn, yóò rí òkùnkùn tí ń ga díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò onígíláàsì, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dìde.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1992, Bob Metcalfe, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá Ethernet sílẹ̀, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Comm Week, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà sì mi orí. Ìbá lè parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọgbọ́n ni irú ẹ̀dá wọn rí bẹ́ẹ̀: a dá wọn ní ọjọ́ kan, a yìn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ó dá wọn a ṣí lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, eruku a sì bò wọ́n. Stafford-Fraser àti Jardetzky pàápàá kúrò nílé náà nígbà tó yá. Ojú tèmi ni pé ìtàn ìkòkò yìí kò sí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dá a nìkan; púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbà á ṣe lẹ́yìn wọn, àwọn tí ìwé ìtàn kì í sábà dá orúkọ wọn pè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ ni: ẹni tí ó mọ ọ́n ni a ń kì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rẹ́ ẹ ní ọdọọdún ni kò jẹ́ kí ó wó.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí mo fẹ́ dárúkọ ni Martyn Johnson. XCoffee ń gba orí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan tí ilé-ìwádìí náà ṣe fún ìlò ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà Johnson kò sì sí lórí ọ̀nà náà. Ó ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ìkòkò, òun kò sì lè wò ó. Láàárín àkókò yìí, ayélujára tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní ilé-ìwádìí CERN ní Switzerland ń dàgbà: ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀, ní ọdún náà gan-an sì ni ètò Mosaic jáde, tí ó ń gbé àwòrán hàn láàárín ọ̀rọ̀ lójú ewé kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Johnson tú ètò tí Jardetzky kọ wò, ó rí i pé ó ṣeé gbà wọlé láti ìhà mìíràn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Daniel Gordon sì so ó mọ́ ayélujára ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ kọ kò ju ìlà méjìlá lọ, bóyá kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó mú àwòrán tó dé kẹ́yìn, kí ó fi lé ẹni tó bá bèèrè lọ́wọ́.

Ìlà méjìlá! Mo ti rí àwọn ètò tí ó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò sí ẹni tí ó rántí wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tó fún ìlà méjìlá yìí ní ẹ̀mí ni pé Johnson kò da iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nù láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lákọ̀tun. Kámẹ́rà wà níbi tó wà, Archimedes wà níbi tó wà, ó kàn ṣí fèrèsé kan sára ògiri tí ó ti wà nílẹ̀, ni gbogbo ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Kámẹ́rà tí a dá láti fi gba ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ ìrìn òfo wá di ohun tí ẹni tí kò ní mu nínú kọfí náà láéláé ń fi ojú sí láti Amẹ́ríkà àti Japáànù. Kí ó tó di pé wọ́n pa á, iye ìgbà tí a ti yọjú wò ó lé ní mílíọ̀nù méjì.

Nígbà tí àlejò bá pọ̀, iṣẹ́ onílé a pọ̀ sí i. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Japáànù: bí ilẹ̀ bá ṣú ní Cambridge, tí wọ́n pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, òkùnkùn lásán ni àwọn ará ibẹ̀ ń rí ní ojúmọmọ tiwọn, ǹjẹ́ wọn kò lè fi iná kan sílẹ̀? Ẹ wo irú ẹ̀bẹ̀ yìí dáadáa. Ẹnì kan tí ó jókòó sí ìdajì ayé kejì ni ó ń bẹ àjòjì pé kí ó má jẹ́ kí òkùnkùn bo ìkòkò kọfí tí kò jẹ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò láti Amẹ́ríkà tún ń yà sí ọ́fíìsì tó ń fi ọ̀nà han àlejò ní ìlú Cambridge, ìlú tí ó kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, tí wọ́n ń bèèrè ibi tí ìkòkò kọfí wà. Ẹ̀rọ kọfí pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ ti Krups tó wà níbẹ̀ kẹ́yìn sì tó ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ìkòkò ń lọ, ìkòkò ń bọ̀, ojú ewé kò yí ààyè padà.

Òkìkí náà ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe òfin bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ láyé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1998, ọjọ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń dápàárá, Larry Masinter gbé ìwé ìlànà 2324 jáde, tí ó fi lélẹ̀ bí a óò ṣe máa pàṣẹ fún ìkòkò kọfí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé bí a bá ní kí ìkòkò tíì po kọfí, kí ó fi àmì 418 dáhùn pé ìkòkò tíì ni òun. Àpárá ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí Masinter fẹ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń na ìlànà ayélujára kọjá ibi tó yẹ. Ní ọdún 2017 ni ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n yọ 418 kúrò nínú àwọn ètò tí ó wà fún iṣẹ́ gidi. Àwọn ènìyàn kọ̀ jálẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tún ìwé ìlànà ayélujára gan-an kọ ní ọdún 2022, wọ́n fi ààyè 418 sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á.

Arúgbó ṣoge rí, àkísà lo ìgbà rí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2001, ilé-ìwádìí náà ń kó lọ sí ilé tuntun ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, tí a fi orúkọ William Gates pè, àwọn kọ̀ǹpútà tí ó gbé kámẹ́rà náà ró sì ti gbó. Iṣẹ́ ìwádìí ni ètò náà, kì í ṣe ohun tí a kọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè túnṣe mọ́ láìsí pé ó tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí ilé náà ti fẹ́ kó dànù. Àwọn kan bẹ̀bẹ̀ láti òkèèrè pé kí wọ́n dá a sí. Mo lóye ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n èmi kò dá àwọn ọmọ ilé náà lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó ń tọ́jú ògbólógbòó ẹ̀rọ lóròòru ni ó mọ ìgbà tí ara kò gbà á mọ́, ó sì yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta lówùúrọ̀ ní òǹkà Greenwich, wọ́n pa á. Àwòrán tí kámẹ́rà náà yà kẹ́yìn kò fi ìkòkò hàn. Ìka ọwọ́ ni ó fi hàn, bí wọ́n ti nà lọ síbi bọ́tìnnì tí ó ń pa ẹ̀rọ. The Times ti Lọ́ńdọ̀nù àti Washington Post ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn ikú rẹ̀ sí ojú ewé iwájú, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọlọ́jọ́ kan dé bá ìjòyè.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n gbé ẹ̀rọ Krups náà sórí eBay fún gbàǹjo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe iṣẹ́ mọ́, ilé ìròyìn Spiegel Online ti ilẹ̀ Jámánì sì rà á ní 3,350 pọ́n-ùn, iye tí ó tó ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ tuntun irú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọwọ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ Krups tún un ṣe láìgba owó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í po kọfí ní ọ́fíìsì àwọn oníròyìn. Láti ọdún 2015 ni ó ti wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Heinz Nixdorf ní ìlú Paderborn, láàárín àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ìkòkò onígíláàsì rẹ̀ gbẹ táútáú, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn débẹ̀.